Olè Tó Gbin Ẹ̀gẹ́

Olè tí ń jí ewúrẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí ń jí iṣu lóko, mo ti mú un rí. Ṣùgbọ́n olè tó jí igi lọ, tó tún gbin ẹ̀gẹ́ dípò rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀, oṣù kẹta ọdún 1995 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa irú rẹ̀, lẹ́nu ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Ìlọrà, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ọ̀ṣúnwùmí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Awẹ́ ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dáàbò bo igbó, odò àti ẹranko kí wọ́n má bàa tán mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo Ìlọrà ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí yunifásítì kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ igbó, òun lọ síbẹ̀ kó lè padà sínú rẹ̀. Kí n má purọ́, èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ìrókò ni mo gbìn, sà," ó wí. "Láti inú èso ni mo ti tọ́ wọn títí wọ́n fi dé orúnkún mi. Mo máa ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Mo lọ rí olùkọ́ mi ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ yìí, mi ò bá ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni mo bá."

"Ẹ̀gẹ́ báwo?"

"Ẹ̀gẹ́, sà. Ojú ibi tí ìrókò kọ̀ọ̀kan wà, igi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Ara rẹ̀ yá. Ó ní olùkọ́ òun, Dókítà Adéwálé, ń bọ̀ ní Mọ́ńdè láti wá fojú ara rẹ̀ rí àwọn igi náà. Bí kò bá rí wọn, iṣẹ́ àṣejáde òun ti bàjẹ́ nìyẹn, òun á sì tún lo odidi ọdún mìíràn. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì ti gba ọdún kan lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn mi ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Fátọ́kẹ́ ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi ni. Obìnrin tó sanra díẹ̀, tí kì í kánjú, tí kì í sì í gbé ohùn sókè. Àwọn ọ̀daràn máa ń fẹ́ràn rẹ̀ títí wọn yóò fi jẹ́wọ́ fún un.

"Mádààmù, ewúrẹ́ ni," mo wí. "Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́ náà ló wá gbin ẹ̀gẹ́?"

 Ó mú fìlà rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

*

Ilẹ̀ náà kò jìnnà sí ọ̀nà Fìdítì. Bàbá Ṣàngówálé, àgbàlagbà àgbẹ̀ kan ní Ìlọrà, ló yá ọmọ náà níbẹ̀. A bá Bàbá fúnra rẹ̀ létí oko, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ fà ro bí ẹni pé òun ni wọ́n jí igi rẹ̀.

"Ọmọ mi, má sunkún mọ́," ó wí fún Ọ̀ṣúnwùmí. "Ohun tó sọnù, tí kò bá tíì kú, a ṣì lè rí i."

Mádààmù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀gẹ́ kan, ó sì fà á yọ. Igi rẹ̀ ti ń gbẹ. Òjò kan ṣoṣo ló tíì rọ̀ lọ́dún yẹn, erùpẹ̀ pupa náà le bí àkúfọ́ ìkòkò. Ó ki ọwọ́ bọ ihò náà, ó fọwọ́ pa á yí ká.

"Mọ́ṣúdù, wá wò ó. Ṣé wọ́n fà á tu ni?"

Mo wò ó. Wọ́n kò fà á tu. Wọ́n fi ọkọ́ gé ilẹ̀ náà yípo, wọ́n sì gbé igi àti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ pọ̀, bí ìgbà téèyàn bá fọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ tó ti sùn.

"Kí lo fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀?" ó bi Ọ̀ṣúnwùmí.

"Páànù agolo mílíìkì ni mo gé, Mà. Mo fi ìṣó lu nọ́ńbà sí i, mo wá kàn án mọ́ èèkàn kékeré sí ẹ̀gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan."

"Àwọn èèkàn náà dà?"

"Wọ́n ti kó wọn lọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Mà."

"Ó dára," Mádààmù wí.

Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. Èmi náà kò mọ ibi tó ti dára. Ṣùgbọ́n mo ti ní olè tèmi lọ́kàn, mo sì sọ orúkọ rẹ̀ kí a tó padà dénú mọ́tò: Ṣàràfá, onígẹdú tó wà ní Fìdítì. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ nígbà tó bú ọmọ yìí ní gbangba.

*

Ṣàràfá wà lábẹ́ àtíbàbà pákó rẹ̀, eruku igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Mo bi í léèrè kí Mádààmù tó jókòó.

"Kọ́púrù," ó wí, "igi tí kò ju orúnkún lọ, kí ni mo fẹ́ là lára rẹ̀? Igi ìtayín?"

"O bá ọmọ náà jà."

"Mo bá a jà. Igi apá ńlá kan wà létí odò lórí ilẹ̀ yẹn kan náà. Mo ní kí n gé e, ọmọ yìí dúró níwájú ọkọ̀ mi, ó ní ẹyẹ ń bẹ lórí rẹ̀ tó ń sàba. Mo bú u dáadáa." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ìrókò ló ń gbìn, mo panu mọ́. Mádààmù, ìrókò ti ń tán. Láti ibí títí dé Ìwàrè, agbára káká lẹ fi máa rí èyí tó tó là. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń bá mi ṣiṣẹ́ gẹdú. Kí lòun máa là lọ́la, bí èmi bá ń hú èyí tí wọ́n ń gbìn lónìí?"

Ó dùn mí, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

"Apá náà ńkọ́?" Mádààmù bi í. "Ṣé ẹ padà gé e?"

"Mi ò rí i gé. Ilẹ̀ ẹbí ni. Bàbá Ṣàngówálé ní òun kò láṣẹ igi níbẹ̀, àfi ẹ̀gbọ́n òun, Bàbá Ifálọlá, tó ń gbé ní Ìwàrè. Wọ́n ní kí n dúró di Sátidé. Gbogbo ẹbí ń bọ̀ wá yẹ ilẹ̀ wò."

"Sátidé yìí?"

"Sátidé yìí, ọ̀túnla."

Mádààmù dìde. Ó kí i, ó dúpẹ́, ó sì rìn lọ sídìí ọkọ̀. Inú bí mi. Mo ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dání láti Ìlọrà.

*

Létí títì ní Fìdítì, Mádààmù ra ọsàn. Bí ọ̀ràn bá ti wọ̀ ọ́ lára, ọsàn ló máa ń bó, èèpo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ já títí tó fi máa bó o tán. Ó bó ti Ọ̀ṣúnwùmí, tó bá wa wọ mọ́tò wá, fún un, ó bó tèmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mú tirẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, ẹni tó bá fẹ́ pa igi, kí ló máa ń ṣe?"

"Á gé e. Tàbí kó fà á tu."

"Ẹni yìí gbé e tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ kó yè ni. Ṣé olè tó jí igi nílò nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Òun kọ́ ló nílò rẹ̀." Ó tọ́ka sí Ọ̀ṣúnwùmí. "Ọmọ yìí ló nílò rẹ̀. Ẹni tó kó igi wọ̀nyẹn mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ wà lára nọ́ńbà náà, kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́. Olè wa fẹ́ràn ẹni tó jà lólè."

Ọ̀ṣúnwùmí gbé ọsàn kúrò lẹ́nu. "Mà, ẹni tó fẹ́ràn mi ló ṣe mí báyìí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gẹ́ náà ńkọ́?" mo bi í. "Ta ní í gbin ẹ̀gẹ́ nígbà tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa?"

"Ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti hú u jẹ. Ojú èèyàn ló gbìn ín fún. Ẹnì kan ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ yẹn, olè wa kò sì fẹ́ kó rí igi níbẹ̀. Ó fẹ́ kó rí ẹ̀gẹ́, kó yí ojú kúrò, kó máa lọ." Èèpo ọsàn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kan gbọọrọ. "Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín igi àti ẹ̀gẹ́, Mọ́ṣúdù? Ìwọ náà ṣáà jẹ́ ọmọ àgbẹ̀."

Mo ro ó títí a fi dé Ìlọrà. Mi ò rí nǹkan kan sọ ju pé ẹ̀gẹ́ ṣeé jẹ, ìrókò kò ṣeé jẹ.

*

Ilé Bàbá Ṣàngówálé ni a yà sí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tùmí, na ẹsẹ̀ sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Bí a ṣe dárúkọ ìrókò báyìí, ó yọ ṣùtì.

"Ta ní í fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìrókò? Àwọn baba wa ní kékeré la ti ń pẹ̀ka rẹ̀, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Mo sọ fún Bàbá yín. Kò dá mi lóhùn."

Mo fi igunpá gún Mádààmù. Ẹni tí à ń wá nìyí, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi jẹ́wọ́.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ wá pẹ̀ka rẹ̀?" Mádààmù bi í.

"Èmi? Ẹsẹ̀ yìí kò gbé mi dé ọjà láti ọdún tó kọjá, ká má tíì wá sọ ti oko. Ẹ bi ẹni tó lẹ́sẹ̀."

Mádààmù rẹ́rìn-ín, ó sì fara ti ògiri. Ọkọ́ Bàbá wà níbẹ̀. Mo rí i tó wò ó, èmi náà wá wò ó. Ẹrẹ̀ ló bo ojú ọkọ́ náà, ẹrẹ̀ dúdú tó ṣì tutù. Ilẹ̀ oko tí a ti ń bọ̀ sì pupa, ó gbẹ, eruku rẹ̀ ṣì wà lára bàtà mi.

Bàbá jáde, ó ń jẹ obì. A kí i, ó kí wa. Mádààmù kò bi í ní ìbéèrè kan. Ọ̀ṣúnwùmí ló kọjú sí, ó sì gbé ohùn sókè, èyí tí mi ò gbọ́ kó ṣe rí.

"Ìwọ tó o kàwé rẹ̀, irú ilẹ̀ wo gan-an ni ìrókò kékeré ò fẹ́?"

"Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ni, Mà. Gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti kú nìyẹn."

"Bí ẹni tó kó wọn bá lọ gbìn wọ́n sétí odò ńkọ́?"

"Á, Mà. A jẹ́ pé ó ti pa wọ́n."

Bàbá kò jẹ obì náà mọ́. Ó gbé e láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí òsì, kò gbé e mì. "Kódà bí wọ́n bá fi erùpẹ̀ ìdí wọn gbé wọn?" ó béèrè.

"Kódà bẹ́ẹ̀, Bàbá. Àfi kí ẹni náà tètè la kòtò kí omi lè ṣàn lọ."

"Ó ṣe o," Bàbá wí. Kò pẹ́ tó fi sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun, òun fẹ́ lọ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀. Mádààmù ní kí ara ó le, ó sì kó wa jáde.

Ẹ̀yìn ilé ìwé ni a gbé mọ́tò sí. A rin ọ̀nà odò lọ. Mo ti mọ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò tíì mọ̀, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti máa gbọ́ ọ.

*

Òòrùn ti ń rọlẹ̀. Lábẹ́ apá ńlá tí Ṣàràfá kò rí gé, àwọn ìrókò kékeré tò lọ rẹrẹ nínú ilẹ̀ dúdú, èèkàn páànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro wà láàárín wọn, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ń fi ọkọ́ la kòtò bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," Mádààmù wí.

Kò sá. Ó fi ọkọ́ lélẹ̀, ó jókòó sórí gbòǹgbò apá náà, ó ń mí gúlegúle.

Ọ̀ṣúnwùmí ń wò ó. "Bàbá, ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ń wò mí tí mo ń sunkún látàárọ̀?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó o wá, kí lo ní o fẹ́ gbìn?"

"Mo ní irúgbìn. Mo ní mo fẹ́ gbin irúgbìn fún iṣẹ́ ìwé mi."

"Irúgbìn," Bàbá wí. "Àgbẹ̀ ni mí. Bí èèyàn bá pe irúgbìn, àgbàdo ni mo gbọ́, ẹ̀gúsí ni mo gbọ́. Mo ní kó o lọ gbin ohun tó wù ẹ́. Àfìgbà tí nǹkan hù, tí mo wò ó, tí mo rí i pé igi ni."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Mádààmù bi mí nídìí ọsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, orí mi sì wú. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí lóòótọ́, ohun tí mo gbàgbé ló ń tì mí lójú. Ilẹ̀ tí a bá yá èèyàn, ó lè gbin àgbàdo síbẹ̀, ó lè gbin ẹ̀gẹ́. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Ohun tí a ń kórè lọ́dọọdún, tí ọdún bá yí, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kì í lọ, ẹni tó bá sì gbin igi sórí ilẹ̀, lọ́jọ́ iwájú ọmọ rẹ̀ á ní ilẹ̀ baba òun ni.

"Mi ò bi ẹ̀gbọ́n mi kí n tó yá ọ," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí wọ́n bá débẹ̀ ní Sátidé tí wọ́n bá igi, wọ́n á ní Ṣàngówálé ti ta ilẹ̀ ẹbí. Mi ò sì lè sọ fún ọ pé kó o hú u. Mo ti ní kó o gbìn ín. Àgbà kì í kó ọ̀rọ̀ tó ti sọ jáde jẹ. Nínú igbó etí odò níbí, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fura sí igi kékeré. Mo rò ó pé tí wọ́n bá ti wò ó tán lọ, màá kó gbogbo rẹ̀ padà kí olùkọ́ rẹ tó dé. Mi ò mọ̀ pé o máa tètè dé. Mi ò sì mọ̀ pé omi lè pa wọ́n."

 Ọ̀ṣúnwùmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti èèkàn tó sún mọ́ ọn jù, ó wò ó, ó lọ sí òmíràn. Bàbá kò mọ̀wé. Gbogbo páànù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó ni ín, kò sì ṣi ẹyọ kan, àfi pé ó dojú àwọn mìíràn dé. Mẹ́fà ti di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án ti di mẹ́fà. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó mú ọkọ́ nílẹ̀.

"Ẹ sinmi, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n là á tán."

Mádààmù wò mí. Mo bọ́ bàtà. Àṣé iṣẹ́ tí mo máa ṣe nídìí ọ̀ràn yìí nìyẹn, mo sì ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dání.

*

Ní Sátidé, kí ẹbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilẹ̀ wò, Ọ̀ṣúnwùmí ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣu, epo pupa àti obì. Mádààmù ló kọ́ ọ. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn, ohun tí ẹni tí a yá nílẹ̀ ń gbé wá fún onílẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni ín. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú Bàbá Ifálọlá.

"Ilẹ̀ wo la yá ọ?" arúgbó náà bi í.

 Mo rí i tí Mádààmù la ẹnu, tó tún pa á dé. Bàbá Ṣàngówálé ló jáde síwájú.

"Èmi ni mo yá a, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò bi yín. Ìrókò ló sì gbìn síbẹ̀. Èmi ni mo kó wọn pamọ́ nítorí ojú yín."

Bàbá Ifálọlá wo àbúrò rẹ̀ pẹ́. Ó yí padà sí Ọ̀ṣúnwùmí. "Ọdún mélòó ni ìrókò fi ń tó gé?"

"Bàbá, èmi fúnra mi lè má rí i. Àwọn ọmọ ọmọ yín ni."

"Ìwọ tó o gbìn ín, o ò ní rí i?"

"Ó lè má ṣojú mi, sà."

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ọsàn ló máa gbìn, kó lè tètè máa ká a. Ọmọ yìí ń gbin ohun tí kò ní jẹ, ó tún gbé iṣu wá fún mi lórí rẹ̀. Ṣàngówálé, irú èèyàn báyìí lò ń fi pamọ́ fún mi?" Ó mú obì nínú igbá, ó pa á, ó na awẹ́ kan sí àbúrò rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè, gbogbo wa kó àwọn igi náà padà sí ihò wọn. Méjì péré ló kú. A hú ẹ̀gẹ́ kúrò nínú ihò, a tún un gbìn sáàárín wọn, Bàbá Ifálọlá ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà Adéwálé dé ní Mọ́ńdè, ó wọn igi, ó wo páànù, ó fọwọ́ tú erùpẹ̀ ìdí wọn. Ó ní òun rí i pé wọ́n ti ṣí wọn nípò, àti pé igi tí wọ́n bá ṣí nípò báyìí kì í sábà yè.

"Ta ló bá ọ ṣe é?"

Bàbá Ṣàngówálé dúró létí oko, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́kọ́ bá a. Ó wolẹ̀.

"Bàbá mi ni, sà," Ọ̀ṣúnwùmí wí. "Àwọn nìyẹn."

Bàbá gbé ojú sókè. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ pé eyín iwájú rẹ̀ ti yọ méjì.

Ọmọ náà jáde yunifásítì lọ́dún yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ̀gẹ́ gbó, Bàbá gbé àpò gàrí kan wá sí àgọ́ wa. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó ní ẹ̀rí tí mo ń wá lọ́jọ́sí nìyí, kí n wá mú olè. Mo wo Mádààmù. Mádààmù ń bó ọsàn.

"Mọ́ṣúdù," ó wí, "lọ pọn omi tútù wá."